Ẹ bá mi dá sí i: báwo ni màmá mi ní Ìsánlú ṣe lè máa pè wá lórí fídíò fúnra wọn?

ỌmọYàgbà_Toronto

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ká jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Màmá mi wà ní Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwa ọmọ fọ́n káàkiri: èmi wà ní Toronto, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Leeds, àbúrò wa wà ní Àbújá. A ra fóònù tó gbé WhatsApp fún wọn. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Bó bá wà nílé, a ó rí Iye (bí a ṣe ń pe màmá wa nìyẹn). Bó bá lọ sí iléèwé tàbí oko, fóònù á dún títí á fi dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọn kì í pè wá. Àwa là ń pè wọ́n nígbà tó bá rọ̀ wá lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ láàárọ̀, wọ́n á máa retí ìgbà tí a máa pè, nígbà tí a bá sì pè, ọ̀rọ̀ náà ti tutù lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan kan, ẹ ṣáà tọ́jú ara yín."

Wọ́n lè ka Bíbélì Yorùbá, wọn ò gbọ́ òyìnbó. Ojú wọn ṣì ríran níwọ̀nba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ òbí yín, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i? Bí wọ́n ṣe máa gbé ìpè nìkan kọ́ ni mò ń wá o. Bí àwọn náà ṣe máa pè ni.

AtúnFóònùṢe_Kàbà

Okun, ọmọ Yàgbà. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Kàbà, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi. Wọ́n á ní fóònù ti bàjẹ́. Bí mo bá gbé e wò, kò sí nǹkan tó ṣe é, àwọn àwòrán kéékèèké tó kún ojú rẹ̀ ló dà wọ́n láàmú.

Mo máa ń kó gbogbo ẹrù yẹn kúrò lójú fóònù. Lẹ́yìn náà, mo ṣí WhatsApp, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, mo tẹ àmì mẹ́ta tó tò lérí ara wọn lókè lápá ọ̀tún, mo tẹ More, mo sì tẹ Add shortcut. Àwòrán ọmọ náà á jáde síta, á dúró gedegbe lójú fóònù. Màmá ò ní máa wá WhatsApp kiri mọ́, wọn ò sì ní láti ka orúkọ. Wọ́n á tẹ ojú ọmọ wọn, wọ́n á tẹ àmì kámẹ́rà, ó parí. Àwọn fóònù kan á tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ pè lóòótọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Android ni mò ń sọ o.

Ẹ̀yin ọmọ náà ní iṣẹ́ tiyín. Àwòrán tẹ́ ẹ fi sí WhatsApp yín ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ mọ́tò lẹ fi síbẹ̀, tàbí òdòdó, tàbí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, báwo ni ìyá yín á ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Ẹ ya fọ́tò tó mú ojú yín dáadáa, ẹ má fi dígí dúdú bò ó, ẹ má sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ ìka tún wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í fiyè sí i. Ẹni tó ti ń fi ọkọ́ roko láti kékeré, tàbí tó ti hunṣọ títí ọmọ ìka rẹ̀ fi yi, ojú fóònù lè má gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Iná tó kéré jọjọ láàárín ìka àti gíláàsì ni fóònù fi ń mọ̀ pé wọ́n kàn án, awọ tó bá gbẹ tó sì yi kì í jẹ́ kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àgbà á wá rò pé òun ò tẹ̀ ẹ́ le tó, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní gbé ọwọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ti pa àṣẹ mìíràn fún un nìyẹn: àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣípò, tàbí kí wọ́n ṣèèṣì pa á rẹ́. Ó tó ìgbà tí mo rí bàbá kan tó ti tẹ àwòrán ọmọ rẹ̀ títí tó fi yọ kúrò, ó ní ọmọ òun ti bínú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi aṣọ ọ̀rinrin nu ìka, kí wọ́n sì kàn án fẹ́rẹ́ bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ìka òrùka sábà máa ń rọ̀ ju ìka ìfábẹ̀lá lọ. Bí gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù bá ti nípọn jù, ẹ yọ ọ́ dànù.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ jẹ́ kí ìwé ojú fóònù tóbi, kí ohùn ìpè lọ sókè pátápátá, kí ojú fóònù má sì tètè kú.

Aya_Mopa

Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọkọ mi.

Wọ́n mọ̀ ọ́n gbé dáadáa, síbẹ̀ wọn kì í gbé e. Ọkọ mi rò pé wọ́n ti gbàgbé ni. Nígbà tí a wálé lọ́dún Àjíǹde, mo jókòó tì wọ́n, fóònù dún. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo gèlè tó wà lórí àga, wọ́n sì da ojú fóònù délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé pẹ̀lú orí òfìfo yìí ni kí àwọn àna mi fi rí mi?" Àṣé ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ti gbé wọn pè rí níbi àpèjẹ, ó sì gbé fóònù yí gbogbo yàrá ká, káwọn èèyàn máa juwọ́ sí wọn. Aṣọ àwọ̀sùn ló wà lọ́rùn wọn lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, ìpè lásán la fi ń ṣáájú, kò sí fídíò. "Ẹ kú ilé mà, ṣé ẹ ti ṣe tán ká rí yín?" Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, a ó fi ohùn sọ̀rọ̀, kò sí ìjà. Bí wọ́n bá ní ká fún àwọn láyè, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á bọ́ síwájú ilé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pọ̀ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Yàgbà, mo fara mọ́ ọ pé kí màmá mọ̀ ọ́n pè fúnra wọn, ìdí tèmi sì rèé. Nígbà tí ọmọ aládùúgbò bá di fóònù mú fún ìyá ẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ṣé màmá lè sọ níwájú rẹ̀ pé oúnjẹ ti tán nílé? Ṣé wọ́n lè sọ pé inú ń run àwọn? Tó bá wá jẹ́ pé ará ilé ọmọ yẹn gan-an ló ń yọ wọ́n lẹ́nu ńkọ́? Ó yẹ kí ìyá lè ti ilẹ̀kùn, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí. Ìyẹn ò ṣeé ṣe fún ẹni tó ń wá ẹni bá a tẹ fóònù.

ỌmọÌyàrà

Ẹ má bínú sí mi o, ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí ìpè fídíò ti dé yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò ti wálé mọ́. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọdún Kérésì fo bàbá wa. Ní báyìí, "Bàbá, ṣé ẹ ń rí wa?" ti di àbẹ̀wò. Èmi tí mo wà nílé ni mò ń rí bàbá lẹ́yìn tí fóònù bá kú. Wọ́n á di fóònù náà mú lọ́wọ́, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Fóònù ò lè bá èèyàn bu omi mu, kò lè fọwọ́ kan èjìká ẹni. Ẹ kọ́ wọn, kò burú, àmọ́ ẹ máa wálé.

ỌmọYàgbà_Toronto

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín sì wọ̀ mí lára. Mi ò lè bá yín jiyàn lórí wíwálé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: láti ibi tí mo wà, kí ọkọ̀ òfuurufú tó gúnlẹ̀ sí Àbújá, kí mọ́tò sì tún gba Lókójà àti Kàbà dé Ìsánlú, owó tó ń lọ sí i kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún ẹni tó ń sanwó ilé tó sì ń tọ́ ọmọ. Láàárín ìgbà tí mo bá wálé sí ìgbà tí màá tún wálé, kí ni kí Iye máa fi gbọ́ ohùn mi? Ìyẹn ni mò ń tún ṣe.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi náà ti di ẹni tí àwọn ọmọ ọmọ ń pè lórí fídíò.

Bí etí bá ń dàgbà, ohùn tó tínrín ló máa ń kọ́kọ́ sọ nù. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lè gbọ́ ohùn ọkọ yín ketekete, tí wọn ò sì ní gbọ́ ohun tí ọmọ kékeré ń wí. Ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ náà. Igbe ò sì wúlò, ńṣe ló ń da ohùn rú. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ parí gbólóhùn kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, àgbà ò ní gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ má fi ẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú yín á dúdú ni. Ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí ètè yín, torí ètè lọ̀pọ̀ àgbà fi ń gbọ́rọ̀ láìmọ̀. Mo mọ̀ pé WhatsApp lè gba èèyàn 32 sínú ìpè kan, àmọ́ ẹ má kó gbogbo ìdílé lé ìyá lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú yín á kéré bí èékánná, wọn ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìyàrà, òtítọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Nígbà ìpè lásán, bàbá á ní "ara mi yá", ìwọ á sì gbà á gbọ́. Lórí fídíò, o lè ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè kó o rí bóyá ó wú. O lè rí i bóyá aṣọ ti ń fẹ̀ jù fún wọn. Bó o bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ojú tàbí ẹnu wọn ti wọ́, tí apá kan ò gbé sókè mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ìyẹn lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Má sọ pé wàá pe padà. Pe ẹni tó sún mọ́ wọn jù kó gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, wákàtí tó ń kọjá ló ń ba ọpọlọ jẹ́.

Olùkọ́_Egbe

Ẹ jẹ́ kí n fi ti dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń bá àgbà wí fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Nínú ilé tó ní òrùlé páànù àti ògiri amọ̀ tó nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà lẹ́nu ọ̀nà kó má wà ní yàrá. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé fóònù rìn yí ilé ká, ẹ wá ibi tó ti mú jù, ẹ gbé àga kan síbẹ̀ fún wọn. Ẹ wọ Settings ní WhatsApp, ẹ tẹ Storage and data, ẹ sì tan Use less data for calls. Àwòrán ò ní mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ dátà á pẹ́ lọ́wọ́. Bí fídíò bá ń já, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kí màmá mọ̀ pé bí àwòrán bá lọ, ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n á tẹ àmì makirofóònù mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni jí, kò nílò kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró pẹ́, ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà á lè ṣe é.

Àwọn onígbàjúẹ̀ ló kù. Ẹni kan á fi nọ́ńbà tuntun pe ìyá, á ní, "Mummy, èmi ni, fóònù mi ti sọ nù, ẹ fún mi ní nọ́ńbà mẹ́fà tó máa wọlé sórí fóònù yín." Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ló máa fi gba WhatsApp wọn, á sì fi orúkọ wọn tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tí wọ́n bí kò ní béèrè rẹ̀ láé, ẹnì kankan ò sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ tan two-step verification (nọ́ńbà àṣírí mìíràn tí WhatsApp máa béèrè kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé e sórí fóònù mìíràn), kẹ́ ẹ tọ́jú nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ kan tó ṣeé fọkàn tán. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tẹ àwòrán ojú ọmọ tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé mímọ pípè náà ló tún dáàbò bò wọ́n níbẹ̀.

Aláṣọ_Ògìdì

Mo gbà. Ìyá mi ò mọ̀wé rárá, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà aṣọ òkè wọn.

ỌmọYàgbà_Toronto

Mo padà wá jábọ̀ o. Àbúrò wa tó wà ní Àbújá lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ó ṣe bí ọ̀gá tó wà ní Kàbà ṣe wí. Ojú àwa mẹ́ta ló wà lórí fóònù Iye báyìí, kò sí nǹkan mìíràn. Ó jókòó sí yàrá kejì, ó ní kí wọ́n máa pe òun, kì í ṣe kí òun máa pè wọ́n. Ó sọ pé ohun tó ṣòro jù ni kí òun má gba fóònù lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Iye pè mí. Oníṣòwò kaṣú ló dé sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dá owó lé àpò kaṣú wọn, wọ́n sì yí kámẹ́rà síta kí n rí kaṣú náà kí n bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá má gbọ́ títí láé nìyẹn, nítorí kó tó di alẹ́, oníṣòwò á ti lọ.

Ìṣòro kan ló wà: òru ni lọ́dọ̀ mi. Nàìjíríà fi wákàtí 5 ṣáájú Toronto nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tibí, 6 nígbà òtútù. Bí Iye bá pè láago 9 àárọ̀, aago 3 tàbí 4 òru ni mo wà. Mi ò fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Aya_Mopa

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Leeds ni kí wọ́n fi sókè pátápátá lójú fóònù. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Kí màmá mọ̀ pé ti Leeds àti ti Àbújá ni wọ́n ń pè láàárọ̀, tìrẹ di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Ká tó yan ìgbà fún ìyá ọkọ mi, a bi wọ́n ní ìgbà tí ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sán Sunday lẹ́yìn ìsìn. A ò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

AtúnFóònùṢe_Kàbà

Inú mi dùn, ọmọ Yàgbà. Nǹkan kan ṣì kù. Bó bá jẹ́ dátà aládùúgbò ni Iye ń lò, tí wọn kì í fi síìmù tiwọn pe ẹnikẹ́ni, tí wọn kì í sì í ra káàdì sí i, ẹ ṣọ́ra. Ìlànà àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fàyè gbà á pé kí wọ́n ti síìmù tó bá lo ọjọ́ 180 láìṣe ohunkóhun tó mówó wọlé. Bó bá tún lo ọjọ́ 180 mìíràn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, orí nọ́ńbà yẹn sì ni WhatsApp wọn wà. Ẹ máa ra káàdì kékeré sí i, kí wọ́n sì máa fi pe ẹnì kan lóṣooṣù.

ỌmọÌyàrà

Mà, nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi tí mo sọ pé wọ́n máa ń di fóònù mú láìsọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lórí etí ló ń yí mi lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé wọn ò gbọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ọmọ mi. Kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ inú etí wọn wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìdọ̀tí etí ló dí i, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ìgbọ́ràn á padà. Má fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná tọ inú rẹ̀, ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí wọlé, ó sì lè lu etí já.

Bí etí bá mọ́ tí wọn ò tíì gbọ́, béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ní báyìí ná, ra ohun ìkìbọtí tó ń bo gbogbo etí, kì í ṣe kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, kí ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lè wọlé tààrà. Sọ fún wọn kí wọ́n sún mọ́ kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa fi nǹkan han bàbá: oúnjẹ tí wọ́n sè, ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ, yìnyín níta. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa ṣì lè fi ojú bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n bi bàbá ní ìbéèrè tó ju "ṣé ara le" lọ, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń dúró de òun á sọ̀rọ̀.

ỌmọÌyàrà

Ẹ ṣé, mà. Lọ́jọ́ Sátidé ni màá gbé wọn lọ. Màá pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi lónìí, màá sì sọ fún wọn ìdí tí bàbá fi ń dákẹ́.